Lord Palmerston: Ọkùnrin Tí Kò Dé Àgbádárìgì Rí



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì wa lẹ́yìn iṣẹ́ ìtàn. Àwọn kan ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wá lọ́wọ́ òwò ẹrú. Àwọn kan ní irọ́ ni, ilẹ̀ wa ni wọ́n wá gbà. Èmi gan-an wà lára àwọn tó pariwo jù. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo rí i pé n ò lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú “àwọn Gẹ̀ẹ́sì” tí à ń jà lé lórí. Ni mo bá lọ wádìí ọ̀kan nínú wọn. Lord Palmerston lorúkọ rẹ̀. Kò fẹsẹ̀ tẹ Àgbádárìgì rí, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìtàn ìlú wa.

TA NI PALMERSTON?

Henry John Temple ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. London ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 1784, sínú ìdílé ọlọ́lá. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1802, tó sì jogún oyè Viscount Palmerston.

Ẹ ó rò pé olóyè bẹ́ẹ̀ á kàn lọ jókòó sí ilé aṣòfin àwọn ọlọ́lá ni. Rárá o. Oyè ilẹ̀ Ireland ni oyè rẹ̀, kò sì fún un níjòókòó níbẹ̀. Ilé aṣòfin kejì, tí wọ́n ń dìbò yan èèyàn sí, ló wọ̀ ní 1807. Láti 1809 títí di 1828, òun ló ń bójú tó ìnáwó àwọn ọmọ ogun. Lẹ́yìn náà ló di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́ẹ̀mẹta: 1830 sí 1834, 1835 sí 1841, àti 1846 sí 1851. Ó di olórí ìjọba ní 1855 sí 1858, ó tún padà síbẹ̀ ní 1859. Orí ipò náà ló wà tó fi kú ní ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, 1865. Ọjọ́ méjì péré ló kù kó pé ọmọ ọdún 81.

BÓ ṢE Ń ṢE ÒṢÈLÚ RẸ̀

Palmerston kì í fi ọ̀rọ̀ òkèèrè ṣeré. Á kọ lẹ́tà. Tí lẹ́tà ò bá ṣiṣẹ́, á rán ọkọ̀ ogun. Ní 1850, nítorí ilé ọkùnrin kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn jàǹdùkú bà jẹ́ ní Athens, ó ní kí ọkọ̀ ogun lọ dí etíkun ilẹ̀ Gíríìsì. Òun náà ni mínísítà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ṣáínà jà ní 1839, nínú ogun tí òwò opium, òògùn olóró, dá sílẹ̀. Ọba Victoria alára ò fẹ́ràn ìwà rẹ̀, nítorí ó máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sókè òkun láìjẹ́ kí ọba rí i.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ọkùnrin yìí kórìíra òwò ẹrú. Òfin kan tó ṣagbátẹrù rẹ̀ ní 1839 fún àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì láyè láti mú ọkọ̀ Potogí tó bá ń kó ẹrú.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE KAN ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akíntóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Ẹbí kan náà ni wọ́n o. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ló wá fìdí kalẹ̀ síbí, ní Àgbádárìgì. Ìlú wa nígbà náà kún fún oníṣòwò, àwọn òyìnbó oníwàásù, àtàwọn tó padà dé láti Sierra Leone.

Palmerston ló yan John Beecroft ní 1849 láti ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa. Nígbà tí Beecroft wá síbí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1851, Akíntóyè bẹ̀ ẹ́: bí wọ́n bá dá òun padà sórí ìtẹ́, òun á fòpin sí òwò ẹrú l'Ékòó. Lọ́dún yẹn kan náà, Samuel Àjàyí Crowther lọ sí London, ó sì bá Palmerston fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbádárìgì ni Crowther ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ní 1845, kó tó lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ti kó òun náà lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822. Ta ló máa sọ fún un pé ọkọ̀ ogun ò dáa?

Ní oṣù kejìlá 1851, wọ́n yìnbọn àgbá lu Èkó. Ogun Àgídìngbì làwọn ará Èkó ń pè é. Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè gorí ìtẹ́ padà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù rèé: ọjọ́ 19 oṣù náà ni wọ́n lé Palmerston kúrò nípò mínísítà nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 26 ni àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dún l'Ékòó. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ìròyìn nígbà náà. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ti kúrò nípò, àmọ́ ibọn rẹ̀ ṣì ń dún.

OHUN TÓ TẸ̀LÉ E

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí. Ó kú ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùmú sì jọba. Nígbà tó di 1861, Palmerston ti di olórí ìjọba. Ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ Prometheus dúró sí Èkó, wọ́n sì ní kí Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ ló fọwọ́ sí i. Ní 1863, Àgbádárìgì náà bọ́ sábẹ́ wọn.

Ẹ wò ó, ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín ẹ̀bẹ̀ bàbá àti ìtẹ̀ka ọmọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìjà ẹbí ló lanu ògiri.

ÈRÒ TÈMI

Mo ti fi ariwo tí mo pa ní kíláàsì sílẹ̀. Apá méjèèjì ló rí òótọ́ díẹ̀. Palmerston tó ń dí òwò ẹrú lọ́wọ́ náà ni Palmerston tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà tí wọ́n gba Èkó. Oore rẹ̀ ò pa èkejì rẹ́, èkejì náà ò sì sọ oore di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìrànlọ́wọ́ alágbára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa gbà padà.

Bí ẹ bá tún gba Marina kọjá, níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo omi náà. Ká ní ẹ̀yin ni Akíntóyè, tí ẹ jókòó síbí láìní ìtẹ́, ṣé ẹ ò ní bẹ Beecroft? Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn wa. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó yìí.