ỌMỌLÁŃGIDI INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà gbogbo ní Mọníyà, Ọjọ́ọ̀, Ìkẹrẹkú àti Ìròkò, ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàrin wa láti bí oṣù mélòó kan. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́ ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ náà sì ní iṣẹ́ kàtúùnù lòun ń kọ́. Òru ló fi ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ wá ń bi wá léèrè: ṣé iṣẹ́ lèyí, àbí kí òun gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá máa bá òun dúró ti igbá?

Ṣé iṣẹ́ ni? Iṣẹ́ ni o, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tó wà lókè wa níbí, ti ṣe àwòrán tó ń rìn ní 1966, ó pè é ní Bon voyage Sim. Ọ̀pọ̀lọ́ ló fi ṣe olórí ìlú níbẹ̀! Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2024, Iwájú jáde lórí Disney+, ìpín mẹ́fà, ìtàn Tọ́lá ọmọ olówó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kọ́lé l'Ékòó. Kugali ló bá Disney ṣe é, ilé iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan dá sílẹ̀.

A bá lọ wo ohun tí ọmọ wa ń ṣe. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ló ń mọ, bí ẹni mọ ìkòkò láìsí amọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, tó ń tẹ imú rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá fi eegun sí i nínú, kí apá àti ẹsẹ̀ lè ṣẹ́.

Àwọ̀ ara ló fún un níṣòro jù. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ìyá náà dà bí ẹni tí wọ́n da eérú lé lórí. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Theodore Kim ti Yunifásítì Yale kọ ọ́ ní 2020 pé ara funfun àti irun tó nà gbọọrọ ni àwọn tó ṣe irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣe ìwọ̀n. Iná máa ń wọ inú ara òyìnbó díẹ̀ kó tó tàn jáde, bí ìgbà tí àbẹ́là ń jó. Ara dúdú, dídán rẹ̀ lókè ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Ẹni tó bá ti fi òrí pa ọmọ rí mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta òrí ló sọ fún un pé, "Ọmọ mi, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká ló ń dán, abẹ́ àgbọ̀n kì í dán bẹ́ẹ̀." Ó tún un ṣe. Ìyá náà di èèyàn lójú wa.

Gèlè tó kọ́kọ́ wé fún un, gèlè òde ìgbéyàwó ni. Ta ló ń wé ìyẹn lọ tèlùbọ́, jàre? Ó tú u, ó di irun fún un, ó fi aṣọ pélébé so ó. Ó wá fi àdìrẹ Ìbàdàndùn ró o, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú. Ibẹ̀ ni a ti pàtẹ́wọ́.

Rẹ́ńdà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn, òun ló sì ń gbówó. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà lé ara, aṣọ àti igbá nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 30 tí ọmọ yìí fẹ́ ṣe jẹ́ àwòrán 720. Bí ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 8, ó di wákàtí 96, ọjọ́ mẹ́rin tọ̀sán tòru. Ta ló rí iná tó dúró ọjọ́ mẹ́rin ní àdúgbò wa? Òru ni iná ń wá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sùn. Ó ti wá dín ìṣírò náà kù, àwòrán kan ń gba ìṣẹ́jú 2, gbogbo rẹ̀ di wákàtí 24. Ojú àwòrán rí bí ẹni gbọn èlùbọ́ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan wà tí òun yóò fi nù ún.

Blender tó ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Òun náà ni ará Latvia kan, Gints Zilbalodis, fi ṣe Flow tó gba ẹ̀bùn Oscar ní oṣù kẹta 2025.

Ìyá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ gbígba láptọ́ọ̀pù mọ́. Bátìrì sólà ló ń bá wa sọ báyìí. Àwọn kan ní kó yọ ọ́ nínú owó ọjà. Àwa ò fara mọ́ ọn: owó èlùbọ́ ni kó fi ra èlùbọ́, kó dá àjọ fún bátìrì. Ó ti forúkọ sílẹ̀.

Ohun kan ló kù tó ń bí wa nínú. Ìyá inú kọ̀ǹpútà yẹn ń bu èlùbọ́ bí ẹni ń bu omi. Kò kó o jọ gegele lórí kóńgò, kò sì fọwọ́ lé ẹ̀ẹ́kan sí i fún oníbàárà. Ọmọ náà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ láti wá wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n bù dáadáa, ẹ dúró dè é lẹ́bàá ìsọ̀ oníyọ̀.