Ọmọ Tí Ó Ń Yí Orí Kò Kọ Ọyàn

Ní ọjọ́ kẹta tí a bí ọmọ kan ní àdúgbò Mòlípà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo lọ kí ìyá ìkókó náà kú ewu ọmọ. Mo bá a nínú omijé. Ìyá ọkọ rẹ̀ di orí ọmọ mú, wọ́n ń tì í síhà ọyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, tí ó sì ń ké. "Wò ó, ọmọ mi, ọmọ yìí kọ ọyàn," ni ìyá àgbà wí. Omi gúlúkóòsì ti wà nínú ìgò lórí tábìlì.

Ọmọ náà kò kọ ọyàn rárá. Ọyàn ni ó ń wá. Ẹlẹ́dàá ti fi ọgbọ́n kan sí ara ìkókó tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ: bí nǹkan bá kàn án ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò yí ojú sí ìhà ibẹ̀, yóò sì la ẹnu. Ọwọ́ tí ìyá àgbà fi tì í ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an ni ọmọ ń yí sí! Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Mo ní kí ìyá ọmọ jẹ́ kí ikùn ọmọ kan ikùn tirẹ̀, kí ó gbé ọrùn àti èjìká rẹ̀ ró, kí ó fi orí ọyàn kan ètè òkè rẹ̀, kí ó sì ní sùúrù títí yóò fi la ẹnu gbàgà. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ bí ó ti ń gbé e mì.

Fífà tí ọmọ ń fa ọyàn ní í mú kí ọpọlọ ìyá pa àṣẹ méjì: èkíní, kí ara ṣe omi ọyàn sí i, èkejì, kí èyí tí ó wà níbẹ̀ tú jáde. Ìbẹ̀rù àti ìrora a máa dá àṣẹ kejì dúró, nítorí náà ni ẹkún ìyá fi bà mí lẹ́rù ju ẹkún ọmọ lọ. Ní ti omi gúlúkóòsì, ọmọ tí ó yó omi kò ní fa ọyàn, ọyàn tí a kò sì fà kò ní sun.

Ní ọdún 1990, Lennart Righard àti Margaret Alade (orúkọ tí kò ṣàjèjì létí wa) tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn lórí ìkókó 72 ní ilẹ̀ Sweden jáde nínú The Lancet. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a fi sílẹ̀ lórí ikùn ìyá wọn láìdí wọn lọ́wọ́ fúnra wọn rákò dé ọyàn, wọ́n sì mú un bí ó ti yẹ láàárín wákàtí kan. Àwọn tí a gbé kúrò láti wọ̀n, tí ìyá wọn sì ti gba abẹ́rẹ́ ìrora nígbà ìrọbí, ni ó ṣòro fún jù.

Síbẹ̀, ìwádìí ìlera tí a ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ó ń mu ọyàn nìkan. Àwọn ìyá wa dí wa nímú, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ da àgbo sí wa lẹ́nu, a sì yè é. Ṣùgbọ́n omi bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 34 sábà máa ń ṣàì lè so fífà, mímì àti mímí pọ̀; ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ó ti ń mu ọyàn dáadáa bá dédé dẹ́kun fífà á, tí kò yí orí nígbà tí a fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró de òwúrọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà.