Herbert Macaulay: Ẹnjiníà Tó Mọ Ààlà Ilẹ̀

   Àwọn tí dátà wọn kì í gbé ohùn ló ní ká máa kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, òun lẹ ń kà yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìbéèrè yín. Ẹnì kan fẹ́ ra, ẹlòmíràn ní wọ́n ti ta tòun fún ẹni méjì. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan tí àwa tí a ná náírà kan mọ ojú rẹ̀ dáadáa, tí irunmú rẹ̀ gùn sọ́tùn-ún sósì: Herbert Macaulay. Olóṣèlú la mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, ẹnjiníà ni, ó sì tún jẹ́ awọnlẹ̀, èyí tí à ń pè ní sọ́feyọ̀.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Akọ̀wé ìjọba ni kí wọ́n tó rán an lọ sí Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1890, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó dé ní 1893, ìjọba sì fi í ṣe sọ́feyọ̀ ilẹ̀ ìjọba l'Ékòó.

Kí ni iṣẹ́ yẹn? Ṣéènì irin ni wọ́n fi ń wọnlẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ bàtà 66 ni ṣéènì kan. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ṣéènì kan, tó sì gùn tó ṣéènì mẹ́wàá, éékà kan nìyẹn. Sọ́feyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjọba ti mọ̀, á wọ̀n ọ́n dé igun kọ̀ọ̀kan, á ri òpó mọ́lẹ̀, á wá ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Bí igi tí wọ́n fi ṣààlà bá wó, ìwé á ṣì máa sọ̀rọ̀.

Ní 1898, Macaulay fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá dúró, ó ń wọnlẹ̀ fáwọn aráàlú. Ó ti wà nínú ilé wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ilẹ̀. Ìmọ̀ yẹn wúlò nígbà tó yá.

Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ ìdílé òun. Ìjọba ní ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí, kì í ṣe ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ l'Ékòó gbè sẹ́yìn ìjọba. Ní 1920, Olúwa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay bá a lọ. Ní oṣù keje 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dájọ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìdílé àti àwùjọ ní tòótọ́, olórí wọn ń bá wọn mójú tó o ni, kí ìjọba san owó rẹ̀ ní kíkún. £22,500 ni wọ́n san.

Ẹ má rò pé Àpápá jìnnà. Ọdún 1913 kan náà ni ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Diobu níbí, kí wọ́n lè ṣe èbúté àti ojú irin tó dé Enugu ní 1916. Ibẹ̀ ni Port Harcourt ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin ti yí padà o. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lónìí fún iṣẹ́ ìlú, owó ilé àti irúgbìn orí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣírò, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ ra ilẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wádìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́:

Ẹ má ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó bá jẹ́ ti ìdílé. Olórí ìdílé àti àwọn àgbà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ mú sọ́feyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ dání, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kì í ṣe tẹni tó ń tà.

Kó gbé ìwé ìwọ̀n náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti mú ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó sanwó ni o!

Macaulay kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1946. Ṣùgbọ́n ohun tó bá Olúwa jà fún ṣì ń bá wa wí: ẹni tó bá mọ ààlà rẹ̀, tó sì ní ìwé rẹ̀, ó ní ohun tó máa fi han adájọ́.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀, a ó dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ má fi àwòrán ìwé ilẹ̀ yín sórí gúrúùpù o, èmi nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ọjà á tà o.