Ọjà 2,000 tí kò tà ló bí géèmù Donkey Kong

Bí ọjà bá kù sílẹ̀, tí owó òwò há sínú rẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ́kàn ni kí wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Ọ̀tọ̀ lohun tí iléeṣẹ́ Nintendo ilẹ̀ Japan ṣe sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1981, ohun tí wọ́n ṣe yẹn ló sì fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìlú Kyoto ni wọ́n ti dá Nintendo sílẹ̀ lọ́dún 1889, káàdì tí wọ́n fi ń ṣeré ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1980, Hiroshi Yamauchi tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní kí Minoru Arakawa, ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ géèmù ńlá ni wọ́n fẹ́ máa tà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé sí ilé ọtí, tí oníbàárà á ju owó ẹyọ sí kó tó lè fi ṣeré.

Arakawa kó 3,000 ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Radar Scope. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ọjà náà lò lójú omi kó tó dé New York, nígbà tó sì máa dé, ojú àwọn èèyàn ti kúrò lára rẹ̀. Nǹkan bíi 1,000 péré ló tà. 2,000 tó kù jókòó sínú ilé ìkẹ́rùsí, owó ẹ̀ka tuntun náà sì há síbẹ̀. Arakawa kó iléeṣẹ́ lọ sí tòsí Seattle, níbi tí ọkọ̀ láti Japan ti ń tètè dé, ó wá bẹ Yamauchi pé kí wọ́n wá géèmù mìíràn tó lè wọ inú àpótí kan náà.

Ẹni tí Yamauchi gbé iṣẹ́ náà fún kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Shigeru Miyamoto ni, ayàwòrán tó dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún 1977. Wọ́n fi Gunpei Yokoi, àgbà nínú iṣẹ́ náà, tì í láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Iléeṣẹ́ Ikegami Tsushinki ló sì bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Miyamoto kọ́kọ́ fẹ́ lo Popeye, ṣùgbọ́n wọn kò rí àṣẹ rẹ̀ gbà. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ó fi ìnàkí, káfíńtà àti ọmọbìnrin kan rọ́pò wọn. Ìnàkí gbé ọmọbìnrin sá gun ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Káfíńtà ń gun àkàbà lé e, ó sì ń fo àgbá tí ìnàkí ń yí wálẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ géèmù ayé ìgbà náà jẹ́ ti ìbọn yínyìn, ìtàn ni èyí ń sọ, ìpele mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ní.

Àwọn tó máa tà á ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n gbé méjì sí ilé ọtí méjì ní agbègbè Seattle láti dán an wò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pa nǹkan bíi 30 dọ́là lóòjọ́. Sẹ́ǹtì 25 ni owó eré ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ni pé ó tó ìgbà 120 tí wọ́n fi ń ṣeré lójúmọ́. Arakawa, ìyàwó rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn tú Radar Scope, wọ́n sì ń pààrọ̀ inú rẹ̀. Gbogbo 2,000 náà tà. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1982, nǹkan bíi 60,000 ni wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà. Káfíńtà náà ló wá di Mario. Orúkọ Mario Segale, ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n háyà, ni wọ́n fún un.

Èrè náà kò wá láìsí wàhálà. Lọ́dún 1982, iléeṣẹ́ fíìmù Universal pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n jí King Kong òun lò. Nintendo kọ̀, wọn kò sanwó ìtánràn, wọ́n sì jàre, torí Universal fúnra rẹ̀ ti jà níwájú ilé ẹjọ́ lọ́dún 1975 pé kò sẹ́ni tó ni ìtàn náà. Lọ́dún 1983, Ikegami náà pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ẹni tó ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ, ọdún 1990 ni wọ́n tó parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Oníṣòwò tó bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó máa ni iṣẹ́ náà tó bá parí.

Àpótí Radar Scope kò bàjẹ́, ojú tẹlifíṣàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ọjà kò fẹ́. Kí oníṣòwò tó lu ọjà tó kù sílẹ̀ ní gbàǹjo, ó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó gan-an.