Ìkọ́ṣẹ́ irin lábẹ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá

Ìkọ́ṣẹ́ irin ni ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń gbà di alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ìlú bíi Awo, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti Ẹdẹ tí ó wà nítòsí, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́.

Ìtàn

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ìdílé ni àgbẹ̀dẹ. Ọmọ a kọ́kọ́ máa fi ẹwìrì fín iná, lẹ́yìn náà a máa fi ẹmú di irin gbígbóná mú fún bàbá rẹ̀, kí a tó fa owú lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy ṣe àpèjúwe ìletò kan nítòsí Ọ̀yọ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta. Irin òkèèrè ni ó pa iṣẹ́ yíyọ́ náà rẹ́. Ní ọdún 1953, P. C. Lloyd kọ̀wé pé agbo ilé ni ó ń darí iṣẹ́ àbáláyé bí àgbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ó ń darí àwọn iṣẹ́ tuntun. Ọ̀nà kejì yìí ni iṣẹ́ wẹ́dà ń tọ̀, nítorí náà ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe alágbẹ̀dẹ náà lè wọlé.

Bí a ṣe ń wọṣẹ́

Òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. A ó ṣe àdéhùn lórí iye ọdún, tí ó sábà máa ń jẹ́ 2 sí 4, lórí owó ìkọ́ṣẹ́ àti lórí ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ náà. Onígbọ̀wọ́ a sì fọwọ́ sí i. Ó ṣe pàtàkì kí àdéhùn yìí wà lákọsílẹ̀: bí ọ̀gá bá fẹ́ fi ọmọṣẹ́ pamọ́ kọjá àkókò, tàbí bí ọmọṣẹ́ bá sá lọ, ìwé náà ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò wò láti dájọ́.

Ọmọṣẹ́ a kọ́kọ́ mọ orúkọ irinṣẹ́, lẹ́yìn náà ìwọ̀n, gígé àti fífá irin, kí ó tó fọwọ́ kan iná ìjórin. Géètì, irin ojú fèrèsé àti ìdúró táǹkì omi wà lára ohun tí ó ń kọ́ láti ṣe.

Ewu

Ìmọ́lẹ̀ iná ìjórin ń ba ojú jẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ dúdú wò ó. Èéfín páìpù tí a fi síǹkì bò lè fa ibà. Gáàsì tí ó ń jáde nígbà tí kábáídì bá kan omi lè bú gbàmù bí iná bá sún mọ́ ọn.

Ìgbòmìnira àti ìwé ẹ̀rí

Lẹ́yìn ìkọ́ṣẹ́ ni fúrídọ̀mù, níbi tí ọ̀gá àti ẹgbẹ́ ti ń gbàdúrà fún ọmọṣẹ́ tí wọ́n sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Owó ayẹyẹ yìí máa ń ni àwọn kan lára, ó sì yẹ kí a ti máa tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin sílẹ̀ ní ọdún 1896, ọmọṣẹ́ ń gba owó ọ̀yà láti ìbẹ̀rẹ̀, owó náà sì ń pọ̀ bí ìmọ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọṣẹ́ ni ó sábà ń sanwó fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní kété tí ó bá gba òmìnira.

Ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ tó fún ẹni tí yóò dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nílùú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí ìjọba sábà máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí ó ní ìpele 3, 2 àti 1. Ìpele 1 ni ó ga jù. Àjọ NABTEB, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, náà ń ṣe ìdánwò fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.