Fìlà Ṣọ́jà Tó Ti Varna Wọ Èkó

Ẹ bi ará Èkó tó ti dàgbà díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ Tíátà Orílẹ̀-èdè ní Iganmu, tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí. Fìlà ṣọ́jà ni wọ́n wò kọ́ ọ, ohun tó máa sọ nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ní fìlà Gowon, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn ún gbọ́, ìjọba ológun ló sì kọ́ ilé náà lóòótọ́. Àmọ́ Varna, ìlú etíkun kan ní Bulgaria, ni fìlà yìí ti wá. Ọdún 1968 ni wọ́n ti ṣí Ààfin Àṣà àti Eré Ìdárayá níbẹ̀. Stefan Kolchev ló ya àwòrán rẹ̀, kò sì dájú pé ó gbúròó fìlà Gowon rí.

Dakar ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ti kọ́kọ́ wáyé lọ́dún 1966. Nàìjíríà ló kàn, ni Ogun Abẹ́lé bá dé. Nígbà tí ogun parí, tí owó epo rọ̀bì wá ń ya wọlé, ìjọba fẹ́ gbọ̀ngàn fún àjọ̀dún náà, èyí tí yóò gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn, kíá. Ẹni tí òde kù sí dẹ̀dẹ̀ kì í ní kí télọ̀ dá ara tuntun. Aṣọ tó ti rí lọ́rùn ẹlòmíràn ló máa fi hàn án. Technoexportstroy, ilé iṣẹ́ ìjọba Bulgaria, gba iṣẹ́ náà lọ́dún 1973, wọ́n sì kọ́ ti Varna síhìn-ín, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n fi parí rẹ̀ ní 1976, wọ́n ti lé Gowon kúrò lórí oyè.

Iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ ló sọ ọ́ di tiwa. Erhabor Emokpae, ọmọ Benin, ló ṣe àwọn ère tó yí ara ilé náà ká lóde. Òun náà ló ya àmì FESTAC, bí wọ́n ṣe ń pe àjọ̀dún náà: ojú Ìyá Ọba Idia tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́. Ojú yìí wà lára ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Benin lọ́dún 1897. Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá wa lò fún àjọ̀dún náà. Wọ́n ní ó ti gbó jù, kò lè rìnrìn àjò. Ni agbẹ́gilére Benin bá gbẹ́ òmíràn, òun la sì fi ṣe FESTAC tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1977. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà ní London.