Atọ́kùn Ló Ń Sọ Ẹ̀rù Di Eré

Agẹmọ ni Yorùbá ń pe oṣù keje ọdún, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ni orúkọ náà ti rinlẹ̀ jù. Lásìkò náà ni àwọn olórí Agẹmọ mẹ́rìndínlógún máa ń gbéra ní ìlú kálukú wọn, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rìn dé Ìmọ̀sàn, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, láti ṣe ọdún. Obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn wọ́n lójú ọ̀nà. Níbi tí wọ́n bá máa gbà kọjá, ìyá tó ń dín àkàrà á sọ agbada kalẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á tì, ọmọbìnrin tí wọ́n rán níṣẹ́ á sáré wọlé, àdúgbò á sì pa lọ́lọ́. Àwọn tó wà nínú ilé kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ àyà wọn ń já. Ẹ̀rù wà nínú ọdún náà, ẹ̀rù náà sì ní oṣù tirẹ̀, ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń darí rẹ̀.

Lókè òkun náà, ẹ̀rù ní àsìkò. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń múra ọdún Halloween, ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ máa ń ṣí ilé iwin: ilé ńlá tí wọ́n sọ di òkùnkùn biribiri, tí àwọn òṣèré tó fi ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá kun ojú ń ba sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n á máa fò yọ sí ẹni tó bá ń kọjá. Owó ni èèyàn ń san kó tó wọlé. Ibi ìgbafẹ́ Knott's Berry Farm ní California bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1973, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń wo irú nǹkan báyìí lórí fóònù máa ń sọ pé àṣejù òyìnbó ni, pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tàbí ará etí omi ní Ogun Waterside. Àwa ti ń ṣe é tipẹ́, a sì ní ipò kan nínú tiwa tí gbogbo rẹ̀ dúró lé: atọ́kùn, ẹni tó ń tọ́ eégún sọ́nà. Ẹni tó wà nínú aṣọ eégún ló ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n atọ́kùn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rù náà ṣeé gbà fún ìlú. Níbi tí iṣẹ́ atọ́kùn bá ti bàjẹ́, ìjà àti ọ̀fọ̀ ló kù.

Ìtàn tó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn jù lọ wá láti Ọ̀yọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tó jáde ní 1921, sọ nípa Aláàfin Abípa, tó wà ní Ìgbòho nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro, tó sì ń fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà sílé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Ìgbòho ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán èèyàn lọ wo ilẹ̀ náà, wọ́n ti sáré rán tiwọn ṣáájú: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ. Wọ́n ní kí àwọn wọ̀nyí máa rìn kiri lórí òkè lóru, kí wọ́n máa ké, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba lè rò pé iwin ti gba ìlú. Ète náà jẹ́. Àwọn ìránṣẹ́ sá padà wálé tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù. Àmọ́ ọba fura, ó rán àwọn ògbójú ọdẹ, wọ́n sì kó gbogbo iwin náà wá sí ààfin. Ọjọ́ tí àwọn ìjòyè péjọ síwájú ọba ni iwin kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú igbá ọtí lọ́wọ́, tó lọ gbé e fún ọ̀gá tó rán an níṣẹ́. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì, tó ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí eré alárìnjó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, so ìtàn yìí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eégún aláré láàfin Ọ̀yọ́.

Ẹ wo ohun méjì tó wà nínú ìtàn yẹn. Àwọn ìjòyè dẹ́rù ba èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀ pé eré ni, wọ́n sì fi àbùkù ara ọmọlàkejì ṣe ohun ìdẹ́rùbà. Ìwà ìkà ni méjèèjì, kò sì tíì tán nílé ayé: ní 2016, Knott's Berry Farm kan náà ní láti ti eré kan pa, torí pé ó fi aláìsàn ọpọlọ ṣe iwin, àwọn tó ń jà fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sì fárí gá. Ohun kejì ni ohun tí ọba ṣe. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó mú iwin jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó gbé igbá lé e lọ́wọ́, gbogbo ààfin sì rí ẹni tó rán an. Ìgbà tí ìlú bá ti mọ ẹni tó rán ẹlẹ́rù, tó sì mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ, ni ẹ̀rù tó lè di ìran wíwò. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 1826, tí Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, ní Ọ̀yọ́ Ilé, eégún aláré ti gbóná dáadáa. Wọ́n jó nínú àpò, ère òjòlá wọ́ jáde sójú agbo, ẹnì kan sì fara hàn bí òyìnbó, funfun báláú, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rín ni àwọn èrò ń rín. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níhìn-ín, Hubert Ògúndé ọmọ Òṣóòsà gbé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ dé inú sinimá pẹ̀lú fíìmù Aiyé ní 1979. Àwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wo àjẹ́ tí wọ́n ń sá fún nílé.

Iṣẹ́ atọ́kùn gan-an kì í hàn sí èrò, torí pé eégún ni gbogbo ojú ń wò. Àtòrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára eégún. Ara èrò ló wà. Eégún kò fi bẹ́ẹ̀ ríran láti inú àwọ̀n tó bo ojú rẹ̀. Atọ́kùn ló ń sọ fún un pé gọ́tà wà níwájú, pé wáyà iná rẹlẹ̀ lókè, pé ọlọ́kadà ń bọ̀ lápá òsì. Bí eégún bá yí bírí tó sì gbá tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́, atọ́kùn mọ ibi tó yẹ kó ti pè é padà. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi eégún ṣe yẹ̀yẹ́ fẹ́ kí wọ́n lé òun, pé ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó ń fara mọ́ ògiri kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ fún un. Ojú ló fi ń mọ̀ ọ́n, ìrírí ló sì fi ń ṣe é. Bí eégún bá ṣèèṣì ṣe èèyàn léṣe, ọ̀dọ̀ atọ́kùn àti agbo ilé eégún ni ẹjọ́ ń lọ, torí pé ìlú mọ̀ wọ́n.

Àwọn onílé iwin òkè òkun ná ọ̀pọ̀ owó kí wọ́n tó mọ ohun tí atọ́kùn mọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1984, iná sọ nínú ilé iwin kan níbi ìgbafẹ́ Six Flags Great Adventure ní New Jersey. Ọmọ ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló kú síbẹ̀. Ilé náà kò ní ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sórí iná, òkùnkùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà àbájáde. Látìgbà náà ni òfin ti le sí i fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé iwin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, òṣèré kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlejò, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àlejò lè sọ kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un jáde. Ní Denmark, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Aarhus so ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn mọ́ àádọ́fà èèyàn tó wọ ilé iwin kan ní ìlú Vejle. Ìwádìí náà jáde ní 2020. Wọ́n rí i pé ẹni tí ẹ̀rù kò bà rárá kò gbádùn rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù bà kọjá ààlà náà kò gbádùn rẹ̀. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí, ìwọ̀nba ló ń dùn. Atọ́kùn ló ń ṣọ́ ìwọ̀nba yẹn lójú agbo tiwa.

Ẹnì kan lè sọ pé àbùkù ni láti fi eégún wé ilé iwin tí wọ́n fi ń pawó, pé ará ọ̀run ni eégún, òṣèré lásán sì ni ti òyìnbó. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Agẹmọ àti Orò kì í ṣe eré, n kò sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Awo ni wọ́n, àwọn tó ń bọ wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀wọ̀. Àmọ́ àwọn baba wa fúnra wọn ló ya eégún aláré sọ́tọ̀ kúrò lára eégún ilé, tí wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan máa jẹ́ ẹbọ, kí èkejì máa gba owó lójú agbo. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn kò dín iyì èyíkéyìí kù. Ohun tí mo ń sọ kò kan ohun tó wà nínú aṣọ. Ó kan ohun tó yí aṣọ ká, èyí tí awo àti eré jọ nílò: ọjọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀, ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀, àti ẹni tí èèyàn lè bi léèrè.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù, torí pé òdì kejì ló ti wá. Wọ́n ní ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé iwin ló yàn án, nígbà tí obìnrin tó ti ara rẹ̀ mọ́lé nígbà Agẹmọ tàbí Orò kò yan nǹkan kan. N kò lè jiyàn èyí. Abala 41 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti rìn fàlàlà, abala 38 sì fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sin ohun tó ń sìn. Ṣágámù, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ti fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn wá nígbà tí àwọn ẹ̀tọ́ méjèèjì bá forí gbárí tí kò sí ẹni tó dúró láàárín wọn. Ní oṣù keje 1999, wọ́n pa obìnrin Hausa kan lásìkò Orò níbẹ̀. Ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ìgbẹ̀san sì dé Kano. Èèwọ̀ tí onílé mọ̀ láti kékeré ni àlejò fi ẹ̀mí dí. Bí àwọn tó ń darí ọdún náà bá ka àlejò sí ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn ṣe ń ṣọ́ ìyá ọlọ́mọ lẹ́bàá ògiri, ọ̀rọ̀ ì bá má dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àgọ́-Ìwòyè ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Láti 1982 ni yunifásítì ti wà níbẹ̀, tí a wá ń pè ní Olábísí Ọ̀nàbánjọ láti 2001. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Enugu tàbí Kaduna, tó gba yàrá láàárín ìlú, kò lè mọ ìtumọ̀ igbe akéde. Ìjẹ̀bú-Igbó náà kì í ṣe ti ọmọ bíbí Òkè-Ṣópìn àti Òjòwó nìkan mọ́. Onígẹdú, awakọ̀ àti oníṣòwò láti ibi gbogbo ló ń gbé ibẹ̀. Lápá Ìwòpin àti Abígí, nínú Ogun Waterside, ọ̀nà omi tí àwọn eégún olómi etí ọ̀sà ń gbà náà ni ọlọ́jà ń gbé ẹja gbà. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère orí irú eégún bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e dùbúlẹ̀ sórí ẹni tó rù ú bí ẹja tó léfòó, ìran tó yẹ kí ọmọ aráyé wá wò ni. Kò sí ẹni tó máa wá, bí kò bá dá a lójú pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ ibi tí eré mọ.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn ọba, àwọn agbo ilé eégún, àwọn olórí awo àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ kéde ọjọ́, wákàtí àti ọ̀nà lórí rédíò àti WhatsApp lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi èyí tó bá jẹ́ awo sí òru, kí ọ̀sán lè wà fún ọjà àti ilé ìwé. Ẹ kọ orúkọ atọ́kùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láàfin, ẹ fún un ní àmì tí èrò máa fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, òun la máa kọ́kọ́ bi. Kí eégún tí kò ní atọ́kùn má ṣe jáde.